ALT: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Náà, Iṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Ẹ̀dọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Rẹ̀

Lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wà lórí ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta yìí: ALT. Nọ́ńbà kan a máa wà níwájú rẹ̀, ààlà tí yàrá àyẹ̀wò fi lélẹ̀ a sì tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn, wọn a fi lẹ́tà H sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà láti fi hàn pé ó ga ju ààlà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gba ìwé yìí, wọn a ká a sínú àpò, ọkàn wọn a sì ti dàrú kí wọ́n tó délé. Àwọn mìíràn a rí i pé nọ́ńbà tiwọn kò ga, wọn a dúpẹ́, wọn kì í sì padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Àwọn méjèèjì lè ṣìnà.

A kọ àlàyé yìí kí àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ wa lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ibi tí ó ti wá, àti bí ó ṣe yẹ kí a lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo dání nínú rẹ̀, ẹ mú èyí: ALT kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ìránṣẹ́ ni. Ó lè jíṣẹ́ fún wa pé nǹkan ń pa ẹ̀dọ̀ lára, ṣùgbọ́n kì í sọ orúkọ ohun náà. Bí kò bá sì jíṣẹ́ kankan, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé àlàáfíà ni ẹ̀dọ̀ wà.

Kí ni ALT?

ALT ni ìkékúrú orúkọ alanine aminotransferase. Ẹ́ńsáìmù ni. Ẹ́ńsáìmù jẹ́ irú purotéènì kan tí ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá kíákíá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì tán sínú iṣẹ́ náà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Bí ẹnìkan bá ń fi ṣíbí mu ògì tí ó ki dáadáa, tí ó ń ti ẹnu bọ inú abọ́, tí ó sì gbé ìyókù kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò rí i pé ògì náà ti ṣomi. Ẹ́ńsáìmù tí ó wà nínú itọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ara wa, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

Orúkọ ALT sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Alanine jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà kéékèèké tí purotéènì inú ẹ̀wà, ẹja, ẹran àti ẹyin máa ń fọ́ sí bí oúnjẹ bá dà nínú ara. Amino ni apá kan lára èròjà náà. Transferase túmọ̀ sí ohun tí ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn. ALT, nígbà náà, ni ẹ́ńsáìmù tí ń ṣí apá amino kúrò lára alanine, tí ó sì ń gbé e fún èròjà mìíràn. Ohun tí ó ṣẹ́kù lára alanine lẹ́yìn èyí ni a ń pè ní pyruvate, ẹ̀dọ̀ sì lè sọ ọ́ di ṣúgà tí ara yóò fi ṣe agbára.

Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì nígbà tí oúnjẹ kò bá wọlé. Bí ènìyàn bá gbààwẹ̀ tàbí tí ó ṣe iṣẹ́ agbára fún wákàtí púpọ̀, iṣan ara a máa fi alanine ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, ALT a sì gbà á wọlé, kí ẹ̀dọ̀ lè pèsè ṣúgà fún ọpọlọ àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Nítorí náà, ALT kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe májèlé. Òṣìṣẹ́ tí a kò lè ṣe aláìní ni. Fítámì B6 sì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Láìsí i, kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Báwo ni ó ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀?

Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ilé ALT. Ó wà nínú iṣan, kíndìnrín àti ọkàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀dọ̀ ni ó pọ̀ jù. Nínú ara tí ó le koko, díẹ̀ ni ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ń kú, tuntun sì ń rọ́pò wọn lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ jẹ́, ara sẹ́ẹ̀lì náà a lu, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà ALT fi ń lọ sókè. Ó dà bí èéfín tí a rí lókè òrùlé. Èéfín fi hàn pé nǹkan ń jó, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ìdáná ni, tàbí igi tí a dáná sun lẹ́yìnkùlé, tàbí ilé gan-an. Ẹni tí ó rí èéfín ní láti wọlé wò. Bí ìpalára náà bá dáwọ́ dúró, nǹkan bí ọjọ́ méjì ni ìdajì ALT tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò fi pòórá. Nítorí èyí ni dókítà ṣe máa ń sọ pé kí a tún àyẹ̀wò ṣe kí ó tó sọ èrò rẹ̀.

Orúkọ àtijọ́ àti bí àyẹ̀wò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1937 ni Alexander Braunstein àti Maria Kritzmann, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Moscow, ṣàlàyé bí ara ṣe ń gbé apá amino láti ara èròjà kan sí òmíràn. Ní 1954, John LaDue, Felix Wróblewski àti Arthur Karmen ní New York fi hàn pé AST, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ALT, máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí iṣan ọkàn wọn bàjẹ́ lójijì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn àti Fernando De Ritis ní ilẹ̀ Ítálì fi rí i pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú àìsàn ẹ̀dọ̀. Láti ìgbà náà ni àyẹ̀wò yìí ti tàn ká gbogbo ayé.

SGPT ni wọ́n ń pe ALT nígbà náà, wọ́n sì ń pe AST ní SGOT. Àwọn yàrá àyẹ̀wò kan ṣì ń tẹ orúkọ àtijọ́ yìí sórí ìwé wọn. Ẹni tí ó bá ní ìwé kan tí a kọ SGPT sí, àti òmíràn tí a kọ ALT sí, kí ó má ṣe rò pé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà rẹ̀

U/L ni a máa ń kọ lẹ́yìn nọ́ńbà ALT. Ó túmọ̀ sí iye yúnìtì nínú lítà kan. Yúnìtì yìí kì í ṣe òṣùwọ̀n bí ẹ́ńsáìmù náà ti wúwo tó. Ó ń wọn iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé ẹ̀rọ àti ọ̀nà ìwọ̀n kò rí bákan náà níbi gbogbo, ààlà tí ilé kan fi lélẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òkè ààlà fún àgbàlagbà máa ń wà ní nǹkan bí 40 U/L. Ní àwọn ibòmíràn, ó lè súnmọ́ 55. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ ka nọ́ńbà láìka ààlà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ààlà tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ń lò ga díẹ̀. Nínú ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2024 lórí ìtọ́jú àrùn mẹ́dọ̀wú B, 30 U/L ni wọ́n fi ṣe ààlà fún ọkùnrin, 19 U/L sì ni fún obìnrin. Ẹ wo obìnrin tí ó ní mẹ́dọ̀wú B, tí ALT rẹ̀ jẹ́ 35. Ìwé èsì rẹ̀ lè má ní lẹ́tà H kankan, síbẹ̀ nọ́ńbà náà tó ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Bí ó bá ga, àwọn dókítà a máa wo iye ìgbà tí ó fi ju ààlà lọ. Bí kò bá tó ìlọ́po márùn-ún, a gbà pé ó ga díẹ̀. Bí ó bá wà láàárín ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga níwọ̀nba. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, ó ga gidigidi, a sì ní láti wá ohun tí ó fà á kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi gíga nọ́ńbà wọn ewu. Ẹni tí mẹ́dọ̀wú A ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè ní ALT tí ó ju 1,000 lọ, kí ara rẹ̀ sì yá pátápátá. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti di àpá, tí ó sì ti le, lè ní ALT tí ó wà láàárín ààlà, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣẹ́kù láti jò kò pọ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń bá ALT rìn

ALT kì í sábà dá nìkan wà lórí ìwé. AST wà nínú ẹ̀dọ̀, ó sì tún pọ̀ nínú ọkàn, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ pupa. Nítorí náà, kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀dọ̀ bí ALT ti ń ṣe. Bí AST bá ju ìlọ́po méjì ALT lọ, dókítà a máa béèrè nípa ọtí mímu. ALP àti GGT máa ń ga bí ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀ bá dí. Bilirubin ni èròjà tí ń mú ojú pọ́n bí ó bá pọ̀ jù. Albumin ni purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀.

Àkójọ àyẹ̀wò wọ̀nyí ni a sábà máa ń pè ní àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Orúkọ náà lè ṣini lọ́nà. ALT àti AST kò wọn iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Ìpalára ni wọ́n ń fi hàn. Albumin, bilirubin àti àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì ni wọ́n ń sọ fún wa bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì lè ṣe ojúṣe rẹ̀.

Kí ni ó lè gbé ALT sókè?

Àwọn ohun tí ó wọ́pọ̀ nìwọ̀nyí:

1. Àrùn mẹ́dọ̀wú. Fáírọ́ọ̀sì A àti E máa ń ti inú omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọlé. B àti C ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. B sì tún ń ti ara ìyá ran ọmọ nígbà ìbímọ, ó sì ń ti ibi ìbálòpọ̀ ranni.

2. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n sanra jù àti àwọn tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, bí wọn kò tilẹ̀ fi ọtí kan ẹnu rí.

3. Ọtí líle, títí kan paraga àti àgbo tí a fi ògógóró rẹ.

4. Oògùn. Parasitamọ́ọ̀lù dára bí a bá lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó pọ̀ jù fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24 ni gíráàmù 4, èyí tí í ṣe hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Bí a bá lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kíákíá. Àwọn oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ bí isoniazid àti pyrazinamide náà lè gbé ALT sókè. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn.

5. Egbòogi. A kò sọ pé gbogbo egbòogi ni ó burú. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀dọ̀ ni yóò palẹ̀ gbogbo ohun tí a bá mu mọ́, àwọn ewé àti egbò kan sì wà tí ń pa á lára, pàápàá bí a bá pò wọ́n pọ̀ tí a kò sì mọ ìwọ̀n wọn.

6. Ibà tí ó le, àti iṣẹ́ agbára tí ó pọ̀ lójijì. Ẹni tí ó gbé ẹrù wúwo tàbí tí ó ṣe eré ìdárayá tí kò mọ́ ọn lára ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àyẹ̀wò lè rí i pé AST àti ALT òun ga díẹ̀, nítorí iṣan, kì í ṣe nítorí ẹ̀dọ̀.

ALT àti mẹ́dọ̀wú B: ibi tí àṣìṣe ti ń pani

Mẹ́dọ̀wú B wọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì lè gbé inú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn. Nínú ọ̀ràn rẹ̀ ni ṣíṣi ALT lóye ti léwu jù.

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì B fúnra rẹ̀ ni ó ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní tààrà. Àwọn ọmọ ogun ara wa ni wọ́n ń gbógun ti sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, inú ìjà yẹn sì ni ẹ̀dọ̀ ti ń fara gbọgbẹ́. Bí ìjà bá gbóná, ALT a lọ sókè. Bí àwọn ọmọ ogun bá káwọ́ gbera, ALT a wálẹ̀, bí fáírọ́ọ̀sì tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti inú èyí ni àṣìṣe ńlá méjì ti ń jáde.

Èkíní ni ti ẹni tí a sọ fún pé ó ní mẹ́dọ̀wú B, ṣùgbọ́n tí ALT rẹ̀ kò ga. Ó lè rò pé kò sí ewu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ràn láti ìgbà ìbí ni ALT wọn máa ń wà láàárín ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí fáírọ́ọ̀sì sì pọ̀ lára wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa padà fún àyẹ̀wò ní àsìkò tí dókítà bá dá fún un, nítorí pé ìjà náà lè bẹ̀rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Èkejì ni ti ẹni tí ALT rẹ̀ ga, tí ó lọ ra àgbo tàbí oògùn tí wọ́n ní ó ń wo mẹ́dọ̀wú sàn, tí ó sì rí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé ALT ti wálẹ̀. Ó gbà pé òun ti rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ALT mẹ́dọ̀wú B máa ń gòkè, ó sì máa ń sọ̀ fúnra rẹ̀, yálà a lo nǹkan tàbí a kò lò ó. Àyẹ̀wò tí ń fi hàn bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lára ni HBsAg, èyí tí ń fi iye rẹ̀ hàn sì ni HBV DNA. Bí HBsAg bá ṣì wà, àrùn náà ṣì wà, ohun yòówù tí ALT ìbáà sọ. Ìrètí èké yìí ni ó ń mú kí àwọn kan padà sí ilé ìwòsàn nígbà tí ikùn ti wú tàbí tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti dé.

Òótọ́ tí ó yẹ kí ó tù wá nínú ni pé oògùn wà. Tenofovir àti entecavir máa ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà lórí ba, wọ́n sì ń dín ewu kù, bí a bá lò wọ́n déédéé lábẹ́ àbójútó dókítà. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní mẹ́dọ̀wú B ni yóò nílò oògùn lójú ẹsẹ̀. ALT wà lára ohun tí dókítà fi ń mọ ẹni tí ó kàn.

Bí ó ṣe yẹ kí a lo ọ̀rọ̀ náà

A máa ń gbọ́ pé, “Wọ́n ní mo ní ALT.” Gbogbo ènìyàn ni ó ní ALT. Ohun tí ó tọ́ ni pé, “ALT mi ga ju ààlà lọ.”

A máa ń gbọ́ pé, “ALT mi jẹ́ 80.” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ẹ fi ààlà àti ọjọ́ àyẹ̀wò kún un, nítorí 80 tí ń lọ sókè àti 80 tí ń bọ̀ wálẹ̀ láti 600 kì í ṣe ìròyìn kan náà.

A tún máa ń gbọ́ pé, “Ẹ má bá a jẹun pọ̀, ALT rẹ̀ ga.” Èyí kò tọ̀nà rárá. ALT kì í ran ẹnikẹ́ni. Mẹ́dọ̀wú B pàápàá kì í ti inú jíjẹun pọ̀, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ tàbí dídìmọ́ra ẹni ranni. Ẹ má ṣe ta ẹnikẹ́ni nù nítorí ìwé èsì.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

Bí ALT yín bá ga, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà, pẹ̀lú gbogbo ìwé èsì àtijọ́ tí ẹ bá ní. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún un, àti oògùn àti àgbo àti ọtí, láìfi ọ̀kan pamọ́; kì í ṣe láti dá yín lẹ́jọ́ ni ó ṣe ń béèrè. Ẹ ní kí wọ́n yẹ mẹ́dọ̀wú B àti C wò fún yín bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí. Ẹ dá ọtí dúró títí ẹ ó fi mọ ohun tí ó fà á. Ẹ má ṣe ra ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀.

Bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tí ikùn ń wú, tí ènìyàn ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n wá tí oorun sì ń kùn ún, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Fún àwọn ìyá, abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B àkọ́kọ́ yẹ kí ó wọ ara ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bí i, kí ìyókù sì tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí mẹ́dọ̀wú B bá wọ̀ lára ní ìgbà ìbí, bíi mẹ́sàn-án ni yóò máa gbé e kiri títí ọjọ́ alẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí ó bá ràn, ti àwọn tí kò tó márùn-ún ni kì í lọ. Ọjọ́ kìíní yẹn, nígbà náà, kò ṣeé fi falẹ̀. Aboyún pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò HBsAg nígbà tí ó bá ń lọ fún ìtọ́jú oyún.

ALT ti jíṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti wà lórí ìwé. Ọwọ́ wa ni ó kù sí láti gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè kà á, kí a sì padà ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún wa, yálà ó ga tàbí kò ga.